Bí Linux ò bá rí Wi-Fi USB olówó pọ́ọ́kú tí ẹ rà, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó ra òmíràn

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Microsoft ti fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè gba Windows 11. Ọ̀nà náà ni Linux, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991.

Wi-Fi ló sábà máa ń fa wàhálà níbẹ̀. Èèyàn á ra Wi-Fi USB olówó pọ́ọ́kú, á kì í bọ ojú USB, iná rẹ̀ á tàn, síbẹ̀ kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ojú ẹsẹ̀ ni á ti gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé nǹkan náà ò bàjẹ́ rárá.

Kí ló fà á?

Linux kì í wo orúkọ tó wà lára páálí. Ṣíìpù inú rẹ̀ ló ń wò. Ṣíìpù kọ̀ọ̀kan nílò dráífà, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣe ògbifọ̀ láàárín òun àti kọ̀ǹpútà. Bí ògbifọ̀ ò bá sí, wọn ò lè gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ wo TP-Link TL-WN722N. Ṣíìpù Atheros AR9271, tí Linux ti mọ̀ tipẹ́, ló wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé, wọ́n fi Realtek RTL8188EUS rọ́pò rẹ̀, orúkọ ọjà ò sì yí padà. Èèyàn méjì lè ra ohun kan náà, kí ti ọ̀kan ṣiṣẹ́, kí ti èkejì má dáhùn.

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà rẹ̀

Ẹ ṣí Terminal, ẹ tẹ lsusb. Ẹ wá ki Wi-Fi náà bọ̀ ọ́, kí ẹ tún tẹ lsusb. Ìlà tuntun tó bá yọjú ni tirẹ̀. Ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 0bda:c811. 0bda dúró fún Realtek, c811 sì ń sọ pé RTL8811CU ni.

Bó bá jẹ́ 0bda:1a2b lẹ rí, Wi-Fi náà ń pe ara rẹ̀ ní CD ni. Wọ́n kó dráífà Windows sínú rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń gbé jáde. Ẹ tẹ èyí:

sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b

Ẹ tún tẹ lsusb. Nọ́ńbà yẹn á ti yí padà.

Ṣé Linux yín ò ti pẹ́ jù?

Ẹ tẹ uname -r láti mọ ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀rọ yín. Dráífà RTL8811CU, RTL8821CU àti RTL8822BU wọ inú Linux 6.2, tó jáde ní oṣù Kejì, ọdún 2023. Ti RTL8188EUS tẹ̀ lé e nínú 6.3, lọ́dún kan náà. Bí ti yín bá kéré sí i, ó sàn kí ẹ gbé ẹ̀dà tuntun sí i ju kí ẹ máa wá dráífà àdáni kiri. Irú dráífà bẹ́ẹ̀ lè kọṣẹ́ sílẹ̀ tí Linux bá tún yí ẹ̀dà padà.

Báwo lèèyàn ṣe máa gbé e sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan "USB tethering" nínú Settings. Dátà fóònù ló máa jẹ. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn wáyà kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáàjì nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ tẹ rfkill list. Bí ẹ bá rí "Soft blocked: yes", ẹnì kan ló ti pa Wi-Fi. Ẹ tẹ rfkill unblock wifi láti tàn án. Ẹ tún tẹ sudo dmesg. Bó bá ní òun ò rí firmware, linux-firmware ni kí ẹ gbé sí Ubuntu, firmware-realtek sì ni ti Debian fún ṣíìpù Realtek.

Tó bá di dandan kí ẹ ra òmíràn

Ẹ béèrè orúkọ ṣíìpù, ẹ má béèrè orúkọ ọjà nìkan. Linux mọ AR9271 àti MediaTek MT7610U dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀. Linux lè ṣiṣẹ́ látorí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ ki Wi-Fi náà bọ̀ ọ́ níbẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yọjú, ẹ sanwó.