Àfonífojì Tí A Fi Orúkọ Ikú Pè

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọn a sì máa ròhìn pé àwọn fi ọkọ̀ rin ìrìn àjò lọ wo ibi báyìí báyìí ní àkókò ìsinmi. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibì kan tí àwọn èrò ń wọ́ lọ wò, tí orúkọ rẹ̀ sì tó láti dẹ́rù ba ni: Death Valley, èyíinì ni Àfonífojì Ikú, ní ìpínlẹ̀ California.

Láti ìlú Las Vegas dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 120 ibùsọ̀, ìrìn wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń dín, tí igi ń dín, títí ojú kì yóò fi rí ohunkóhun mọ́ bíkòṣe òkè, iyanrìn, àti títì tí ó nà lọ bí okùn. Ìjọba ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní ọdún 1933, wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1994. Ó tó nǹkan bí 3,400,000 éékà.

Ibi tí ó rẹlẹ̀ jùlọ níbẹ̀ ni Badwater, níbi tí adágún kékeré kan wà tí iyọ̀ ti ba omi rẹ̀ jẹ́. Ó fi 282 ẹsẹ̀ bàtà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, kò sì sí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Iyọ̀ funfun tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ sá sórí pápá. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá gbé ojú sókè sí ìwọ̀ oòrùn, yóò rí òkè Telescope tí ó ga tó 11,049 ẹsẹ̀ bàtà, tí òjò dídì a sì máa bo orí rẹ̀ nígbà òtútù.

Àwọn òkè ni ó fa ooru ibẹ̀. Kí ìkùukùu tó ti òkun dé àfonífojì náà, ó ti ré ọ̀wọ́ òkè mẹ́rin kọjá, ó sì ti da òjò rẹ̀ sórí wọn. Nítorí náà òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò ju nǹkan bí íńṣì méjì lọ. Oòrùn a máa ta sí ilẹ̀ tí kò ní ewéko. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a gòkè, òkè a dá a padà, a sì tún máa gbóná sí i bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913, a wọn ooru níbẹ̀ dé 134 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit. Òun ni ó ga jùlọ nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, bí àwọn amòye kan tilẹ̀ ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Báwo ni ó ti ṣe jẹ́ orúkọ yìí? Ní òpin ọdún 1849, àwọn èrò kan tí ń lọ wá wúrà gba ọ̀nà àbùjá tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì ṣìnà wọ àfonífojì náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Oúnjẹ tán, wọ́n sì ń pa àwọn màlúù tí ń fa kẹ̀kẹ́ jẹ. Ìdílé Bennett àti ìdílé Arcan wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. A rán ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, William Lewis Manly àti John Rogers, láti fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá oúnjẹ. Wọ́n rìn ju 200 ibùsọ̀ lọ kí wọ́n tó dé ibi tí ènìyàn ń gbé.

Ta ni ìbá mú wọn bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ? Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹrù, wọ́n sì yí padà sínú aginjù. Àwọn ẹṣin kò lè kọjá nínú pàlàpálá òkè, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ìbaaka olójú kan ni ó kù. Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan ni wọ́n dé, wọ́n sì bá ìdílé méjèèjì láàyè. Wọ́n gbé àwọn ọmọ gun màlúù, wọ́n sì kó wọn jáde. A sọ pé nígbà tí wọ́n dé orí òkè tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn dágbére fún Àfonífojì Ikú. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé ní ìgbà náà gan-an, àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ ní àlàáfíà. Àwọn Timbisha Shoshone mọ ojú ìsun omi, wọ́n mọ èso tí a ń jẹ, wọn a sì máa ṣí lọ sórí òkè nígbà ooru. Ibi tí àlejò pè ní ikú, ilé ni lójú wọn. Ní ọdún 2000, òfin dá díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà padà fún wọn.

Ìmọ̀ ni ó pín àwọn méjèèjì níyà, òun náà ni ó sì ń pín àwọn èrò níyà lónìí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ooru pa ọkùnrin kan tí ó gun alùpùpù wọ ibẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ń lọ yan àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Kí ó gbé omi tí ó tó gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí ó sì rọ epo kún ọkọ̀, nítorí ilé epo kò pọ̀, tẹlifóònù kì í sì í ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, kí ó dúró tì í, nítorí ọkọ̀ rọrùn láti rí ju ènìyàn lọ.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ròhìn pé òun ń mú aya àti ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, ẹ súre fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè iye omi tí ó gbé.