Ẹnu Oníkálukú ni Òǹkọ̀wé Eré Ń Yá Lò

Ẹni tí ó ń kọ ìtàn àròsọ láǹfààní láti dá sí ọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà. Bí inú bá ń bí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé, kí ó sì fi odidi ojú ìwé kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Òǹkọ̀wé eré-onítàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ọba, ẹnu ìwọ̀fà, ẹnu ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde, ẹnu oníkálukú sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, àṣà ti pín ẹnu wọ̀nyí kí òǹkọ̀wé tó dé.

Ẹ wo òwe. Ọmọdé kì í pa á níwájú àgbà láìkọ́kọ́ wí pé "tótó, ó ṣe bí òwe". Àgbà a sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Òǹkọ̀wé tí ó bá fi òwe mẹ́ta léra wọn sí ẹnu ọmọ ọdún méjìlá láìjúbà, àṣírí rẹ̀ ti tú. Àwọn òǹwòran mọ̀ pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ìyàwó tí ó ti ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ó wá sọ "o" sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún nílò igbe tàbí ẹkún kí a tó mọ̀ pé ilé ti dàrú. Ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ eré kò ní irinṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè náà fi ń bá ọba àti ẹrú wí.

Orin ńkọ́? Ohùn orin kò gbọdọ̀ ta ko ohùn ọ̀rọ̀. Nínú orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó, ìtumọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orin inú eré rẹ̀ yé ni gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a lè kọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ibi tí ó ti le ni ìgbà tí ẹ̀dá-ìtàn bá jẹ́ ẹni tí ó gbé ayé rí, tí ó ní ìdílé tàbí olùsìn. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní 1921, sọ pé Ṣàngó pokùnso. Àwọn olùsìn rẹ̀ ní irọ́ ni, ọba kò so. Dúró Ládiípọ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, mú gbólóhùn àwọn olùsìn náà, ó fi sọ orúkọ eré rẹ̀, Ọba Kò So, tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo ní 1963. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó. Ìlù bàtá àti oríkì òrìṣà náà ni ó fi gbé eré náà ró, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Èyí ni ọgbọ́n tí ó ga jù: ó jẹ́ kí ẹni tí ó ni Ṣàngó sọ ti ẹnu rẹ̀.

Ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà yàtọ̀. Ìyálóde Ìbàdàn ni, olówò ńlá tí ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, tí ó sì ń tá àwọn jagunjagun lóhun ìjà láwìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Òun àti Ààrẹ Látóòsà kò gbọ́ra wọn yé. Wọ́n yọ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé gíga, tí a tẹ̀ ní 1970, ìbànújẹ́ àìlọ́mọ di ìkà: ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún, pípa ni. Adétutù sì kú. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe eré náà ní pápá ìṣeré ní Ìbàdàn ní 1981, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá wò ó.

Láti ìgbà náà, Ẹfúnṣetán inú eré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nínú àròkọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ ní 1992, olókòwò àti olórí ni a rí. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó ka àròkọ fún ẹnì kan tí ó wo eré? Òótọ́ ni pé bí kò bá sí eré náà, ọ̀pọ̀ kì bá tí béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Síbẹ̀, òkú kò lè dìde wá jiyàn. Ẹni tí ó bá ń kọ irú eré bẹ́ẹ̀ lónìí yẹ kí ó wá ẹnu kan nínú eré náà, ìbáà jẹ́ ti ìránṣẹ́, tí yóò sọ apá kejì.

Alààyè ní tirẹ̀ máa ń bínú fúnra rẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, eégún aláré sín òyìnbó jẹ lójú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rín sí i. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò rẹ́rìn-ín ní 1964: wọ́n fòfin de eré Hubert Ògúnǹdé, Yorùbá Ronú, títí di 1966.

Ìṣòro ti ìsinsìnyí kò tilẹ̀ nílò òfin. Sinimá ti kó àwọn òṣèré lọ láti ìgbà tí Àjàní Ògún jáde ní 1976. Ìṣọ̀lá pàápàá kọ Ṣaworoidẹ fún Túndé Kèlání ní 1999. Owó tí a fi ń gbé òṣèré, onílù àti aṣọ wọn kiri kò kéré. Èyí tí ó wá kù fún òǹkọ̀wé ni ilé-ìwé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ojú ka eré nítorí ìdánwò, tí a ń bi í ní ìwà ẹ̀dá-ìtàn láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ó bá pín ẹ̀dá-ìtàn fún àwọn ọmọ, tí ó ní kí wọ́n dìde sọ ọ́ sókè, ń ṣe òǹkọ̀wé ní oore. Ìgbà tí òǹkọ̀wé bá jókòó sí ẹ̀yìn, tí ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín níbi tí ó ti retí ẹkún, ni ó ń mọ gbólóhùn tí yóò pa rẹ́ nígbà tí ó bá délé.