Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Ṣáájú Ìrora: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbàlagbà

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá àìsàn tí ó sì dá oògùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an.

Tí a bá ní kí àgbàlagbà lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, èsì rẹ̀ máa ń jẹ́ pé: "Kò sí nǹkan tí ó ń ṣe mí." Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Jẹjẹrẹ kì í sábà dun ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Kókó lè wà nínú ọmú fún oṣù púpọ̀ láìro obìnrin. Nígbà tí ó bá fi máa di egbò, apá lè má ká a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ti ẹnu ilé-ọmọ. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV, tí ó máa ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ara ibẹ̀ bá ti ń yí padà títí yóò fi di jẹjẹrẹ, ó lè gba ọdún 15 sí 20. Ẹni tí ó bá ṣe àyẹ̀wò láàárín àkókò yìí, wọ́n lè tọ́jú ibẹ̀ kí ó tó di wàhálà. Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí kò sì ṣe é rí, kí ó má sọ pé òun ti bọ́. Kí ó lọ bá dókítà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹni tí ó bá ti ń sún mọ́ ẹni 50 ọdún, kí ó bi dókítà léèrè nípa àyẹ̀wò PSA. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n ń gbà. Bí ó bá ga, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni dandan. Prostate tí ó kàn tóbi náà lè fà á. Àyẹ̀wò míràn ni yóò fi òdodo hàn.

Àwọn kan ń sọ pé ìtìjú ni. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé pé bùkátà ìwòsàn gba ènìyàn láàyè láti ṣí ibi tí ó bá pọn dandan nìkan, kí obìnrin sì wá dókítà obìnrin tí ó bá wà. Àwọn míràn ní kádàrá ni. Ṣùgbọ́n Ànábì (S.A.W.) tìkára rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí á wá ìtọ́jú, ó sì ní kí oní-ràkúnmí kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kàn sọ fún wọn lásán. Ẹ mú wọn lọ, kí ẹ sì san owó rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.