Àmójútó ìlò oògùn apabakitéríà ní ilé-ìwòsàn

Àmójútó ìlò oògùn apabakitéríà ni ètò tí ilé-ìwòsàn fi ń rí i dájú pé ìgbà tí aláìsàn bá nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó ń gbà á, ní ìwọ̀n àti iye ọjọ́ tó yẹ. Àwọn oògùn wọ̀nyí, bíi pẹnisilíìnì, kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá ń lò wọ́n ní ìlòkulò, àwọn bakitéríà tí wọn kò kápá ni yóò ṣẹ́kù, tí yóò sì máa pọ̀ sí i. Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisilíìnì ní 1928, ti ṣe ìkìlọ̀ yìí ní 1945.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ní kí dókítà tètè fún ẹni tí àkóràn rẹ̀ le ní oògùn, kí ó sì tún un gbé yẹ̀ wò láàárín wákàtí 48 sí 72, bóyá kí ó dá a dúró, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó máa bá a lọ.

Ìbẹ̀rù wà pé dídín oògùn kù lè ṣekú pa aláìsàn. Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2017, tó kó ìwádìí 221 jọ, fi hàn pé iye ọjọ́ ìlò oògùn dín kù ní nǹkan bí ọjọ́ 2, síbẹ̀ ikú kò pọ̀ sí i: nǹkan bí ènìyàn 11 nínú 100 ni ó kú ní ìhà méjèèjì. Ètò náà tún ń dín ìgbẹ́ gbuuru tí Clostridioides difficile ń fà kù, àrùn tó sábà máa ń tẹ̀lé ìlò àwọn oògùn yìí, tó sì léwu jù lọ fún àwọn àgbàlagbà.