Oríṣi Linux Púpọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Bí a bá ra kọ̀ǹpútà lọ́jà, Windows ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀. Èyí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ètò adarí kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà lè gbà mọ́ra, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ òmíràn níláti yọ ti àkọ́kọ́ dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Díìsìkì inú kọ̀ǹpútà dàbí ilé oníyàrá púpọ̀. Bí onílé ti lè gba ayálégbé mẹ́ta sí yàrá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè fi oríṣi Linux méjì tàbí mẹ́ta sí orí díìsìkì kan. Ohun tí ó gba ọgbọ́n ni kí á mọ ohun tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ní, àti èyí tí wọ́n lè jọ máa lò.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí o mọ ìdí tí Linux fi pé oríṣiríṣi. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ètò tí ó ń darí àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Kernel ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, bí ẹni pè é ní èkùrọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi èkùrọ́ nìkan se ọbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú èkùrọ́ kan náà, wọ́n sì kó àwọn ètò mìíràn tì í bí ó ti wù wọ́n. Báyìí ni Debian ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1993, tí Fedora dé ní 2003, tí Ubuntu, èyí tí Mark Shuttleworth ọmọ ilẹ̀ South Africa dá sílẹ̀ láti ara Debian, sì jáde ní 2004. Debian àti Ubuntu ń lo apt láti gba ètò tuntun sára. Fedora ń lo dnf ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè mọ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ lọ́la yóò máa lò. Nítorí náà ni ó fi dára kí ó mọ méjèèjì.

Jẹ́ kí á fi kọ̀ǹpútà tí ó ti ní Ubuntu, tí a fẹ́ fi Fedora kún, ṣe àpẹẹrẹ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nítorí náà, kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì rẹ kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn iná. Nígbà tí a bá ń dín ìpín kan kù kí àyè lè ṣẹ́ kù, kọ̀ǹpútà lè máa kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí iná bá lọ lójijì, èyí tí ó wà lójú ọ̀nà lè má dé ibì kankan. Bí kọ̀ǹpútà rẹ kò bá ní bátìrì tí ó ń gba iná dáadáa, tí kò sì sí inverter nílé, má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

A kì í ká ẹní nídìí ẹni tí ó jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dín ìpín Ubuntu kù nígbà tí Ubuntu ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Inú fíláàṣì tí a kọ Linux sí ni a óò ti tan kọ̀ǹpútà, kí á sì lo ètò tí ń jẹ́ GParted láti gé GB 40 sílẹ̀ lófìfo.

Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Nígbà tí Fedora bá ń wọlé, yóò bi ọ́ léèrè ibi tí o fẹ́ kí òun gbé. Ọ̀kan nínú ìdáhùn tí yóò gbé ka iwájú rẹ ni pé kí òun lo gbogbo díìsìkì. Ìtumọ̀ èyí ni pé yóò pa Ubuntu, àwòrán àti ìwé iṣẹ́ rẹ rẹ́ pátá. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi ìwé àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì. Kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Odidi ọdún kan ni ó fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdáhùn tí ó jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ tọ́ka sí ìpín ni kí o yàn. Má wo orúkọ nìkan, irú bí sda2 tàbí sda3, nítorí wọ́n jọra púpọ̀. Wo ìwọ̀n pẹ̀lú. GB 40 ni o gé sílẹ̀. Bí èyí tí o fẹ́ tẹ̀ bá jẹ́ GB 200, dá ọwọ́ dúró.

Ilé tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ níláti ní oníbodè. GRUB ni oníbodè tiwa. Òun ni yóò to orúkọ àwọn Linux sí iwájú rẹ nígbà tí o bá tan kọ̀ǹpútà, kí o lè yan èyí tí o fẹ́. Ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni ó sábà máa ń fi oníbodè tirẹ̀ síbẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ bí orúkọ Ubuntu kò bá hàn. Láti ìgbà tí GRUB 2.06 ti jáde ní 2021, oníbodè kì í wá àwọn ayálégbé yòókù kiri mọ́ àfi bí a bá sọ fún un. Kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú fáìlì /etc/default/grub, kí o sì pàṣẹ pé kí GRUB tún àkójọ orúkọ rẹ̀ ṣe. Lórí Ubuntu, sudo update-grub ni àṣẹ náà. Lórí Fedora, sudo grub2-mkconfig -o /boot/grub2/grub.cfg ni.

Àwọn méjèèjì lè jọ lo swap kan, bí ayálégbé ti í jọ pọn omi nínú kànga kan, ṣùgbọ́n má ṣe fi kọ̀ǹpútà sínú hibernate lórí ọ̀kan kí o tún lọ ṣí èkejì. Ní ti home, èmi kò fara mọ́ pé kí wọ́n jọ lò ó. Inú rẹ̀ ni ètò kọ̀ọ̀kan ń fi àṣà rẹ̀ pamọ́ sí, Firefox tuntun lórí Fedora sì lè yí tirẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó pẹ́ lórí Ubuntu kò fi ní lè lò ó mọ́. Ohun tí ó sàn ni pé kí o ya ìpín mìíràn sọ́tọ̀ fún ìwé àti àwòrán rẹ, kí méjèèjì sì máa ṣí i. Nọ́ńbà ni Linux fi ń mọ onífáìlì, kì í ṣe orúkọ. 1000 ni nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ lórí Ubuntu àti Fedora, nítorí náà ìjà kì í sábà sí níbẹ̀.

Bí o bá kàn fẹ́ tọ́ Fedora wò, VirtualBox lè ṣí i fún ọ nínú Ubuntu láìgé díìsìkì rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò fà bí ìgbín lórí kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ kò ju GB 4 lọ. Bí o bá sì ti gbé Fedora wọlé, tí ó wá sú ọ, má sáré pa ìpín rẹ̀ rẹ́. Oníbodè rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún Ubuntu. Wọ inú Ubuntu, fi GRUB ti Ubuntu sí ẹnu ọ̀nà, pa kọ̀ǹpútà kí o sì tún un tàn. Bí ó bá ṣí dáadáa, nígbà náà ni kí o tó lé ayálégbé náà jáde.