Bí Nọ́ọ̀sì Bá Fẹ́ Kúrò ní Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

 

Láìpẹ́ yìí, ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ló wá bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ti sú òun, òun fẹ́ fi í sílẹ̀ kí òun wá ṣòwò. Wọ́n ní kí a yá wọn lówó. Torí kí a lè yáwó la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ní kí a là á yé ara wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ẹni tó ń gbé aláìsàn dìde, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀yìn á dùn ún. A ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, a délé bá ọmọ tó ń sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ ti lọ sí Ìlú Ọba, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì dì sí ọrùn àwọn tó kù. Bó bá ní ó rẹ òun, òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èèyàn lè kúrò ní wọ́ọ̀dù kó má kúrò nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ wo olóògbé Ìyáàfin Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt. Wọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátíróònù ní UCH Ìbàdàn, ó di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo Nàìjíríà, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún 1970.

Àwọn ọ̀nà tó wà nìwọ̀nyí:

1. Iṣẹ́ ìlera àwùjọ. Ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló kù kó fi kún èyí tó ní. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún àti ìbẹ̀wò sílé-sílé ló pọ̀ níbẹ̀, ojúmọmọ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é.

2. Iṣẹ́ olùkọ́. Èyí gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Láti ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé ipò dìgírì. Yunifásítì NOUN náà ń gba nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé àṣẹ, kó máa kàwé bó ti ń ṣiṣẹ́.

3. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé. Wọ́n ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa, tí yóò sì máa kọ́ wọn bí a ti ń yẹra fún ewu.

4. Adójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2022 sọ ètò yìí di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń gba nọ́ọ̀sì láti yẹ owó tí ilé ìwòsàn bá bù wò.

5. Títa irinṣẹ́ ìwòsàn: ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, àga arọ. Nọ́ọ̀sì mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìwé àṣẹ títa oògùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, gbèsè ẹgbẹ́ á sì wà nílẹ̀.

Kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí kí wọ́n fún un láàyè lọ kàwé. Kí ó má jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ kú. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Kó má sì gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí kò rí òmíràn, kò lè gbà ju ìdá mẹ́rin kan lọ nínú owó tó wà nípamọ́.

Ní ti ẹ̀yáwó, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fúnra wa. Ẹni tí wọ́n ń yọ gbèsè lára owó oṣù rẹ̀, lọ́jọ́ tí owó oṣù bá dúró, ọrùn onígbọ̀wọ́ ni gbèsè ń bọ́ sí. Nítorí náà, a gba ìyá tó wá yáwó níyànjú pé kí ọmọ lo ìsinmi ọdún rẹ̀ lórí ìsọ̀. Kó bá ìyá rẹ̀ jí lọ sọ́jà, kó bá oníbàárà ná ọjà, kó rí ọjọ́ tí ọjà kò tà. Bó bá tún ní òwò lòun fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kó mú ìṣirò rẹ̀ wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀.