Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Kí Kíndìnrín Tó Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Àǹtí mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, jẹ́ ọmọ ọdún 21. Lọ́dún tó kọjá, ibà kò fi wọ́n sílẹ̀. Oríkèé ń dùn wọ́n, irun orí wọn sì ń re. Kẹ́míìsì àdúgbò ní ibà lásán ni. Nígbà tí kò lọ, ó ní táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lo oògùn. Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀, ẹsẹ̀ wọn náà wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Màmá mi ló ta kú pé ọsibítù ńlá là ń lọ. Ibẹ̀ la ti gbọ́ orúkọ náà: lupus.

Kí ni lupus? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ rántí antibody tí a kọ́ ní Báyọ́lọ́jì: ọmọ ogun tí ara máa ń rán sí àrùn ni. Lára ẹni tó ní lupus, àwọn ọmọ ogun yìí máa ń kọjú ìjà sí ara tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Kì í ràn o. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní i, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 15 sí 44. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń le jù lára wa. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan kọ́ nìyẹn.

Kíndìnrín ni ibi tó léwu jù. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ tíntìntín bíi mílíọ̀nù kan. Wọ́n máa ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí purotéènì ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí lupus máa ń kan kíndìnrín wọn lè tó ìdajì gbogbo àwọn tó ní i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíndìnrín kì í sábà dunni nígbà tí àrùn yìí bá ń jẹ ẹ́. Báwo ni dókítà ṣe wá ń mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń bi.

Àkọ́kọ́ ni anti-dsDNA, ìyẹn antibody tó ń bá DNA ara ẹni jà. Tó bá ń pọ̀ sí i, ewu lè wà nítòsí.

Ìkejì ni purotéènì méjì tí wọ́n ń pè ní C3 àti C4. Àwọn ló máa ń bá antibody lọ sójú ìjà. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Àǹtí mi fi ìwé àyẹ̀wò wọn hàn mí: láàbù ní C3 yẹ kó wà láàárín 90 sí 180, tiwọn jẹ́ 41. Mo ní, "Àǹtí, ṣebí tí àrùn bá pọ̀, nọ́ńbà ló yẹ kó gòkè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ohun tí èmi náà bi dókítà nìyẹn." Dókítà ní kí wọ́n wò ó bí ọdẹ àdúgbò. Tí ẹ bá jáde lóru tí ẹ kò rí ọdẹ kankan lẹ́nu géètì, ó lè jẹ́ pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn, kí gbogbo wọn ti sáré lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni antibody àti DNA máa ń so pọ̀, wọ́n á há sínú asẹ́ kíndìnrín. C3 àti C4 á rọ́ lọ bá wọn, wọ́n á sì máa tán síbẹ̀. Ìdí tí iye wọn fi ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹta ni albumin, purotéènì tó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀. Tí asẹ́ bá ti ya, albumin á máa jò sínú ìtọ̀, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á jò sínú ẹran ara, ojú àti ẹsẹ̀ á wú. Ẹ ò rí i báyìí? Ayé kọ́ ló ń ṣe àǹtí mi, albumin ló ń jò.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí creatinine ni wọ́n fi ń yẹ kíndìnrín wò?" Òótọ́ ni, àmọ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ni creatinine, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kíndìnrín lè pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ kí creatinine tó kọjá ààlà. Ti àǹtí mi kò tíì gòkè rárá lọ́jọ́ tí C3 wọn jẹ́ 41. Ká ní òun nìkan ni dókítà wò, ì bá ti ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe adájọ́. C3 ẹlòmíràn lè wálẹ̀ kí kíndìnrín rẹ̀ má ní nǹkan kan. Ti ẹlòmíràn lè dára kí kíndìnrín máa bàjẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò pẹ̀lú. Tí purotéènì inú rẹ̀ bá ju ìdajì gíráàmù lọ lóòjọ́, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yà kékeré lára kíndìnrín láti ẹ̀yìn, kí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín àrùn náà sí, ìpele yẹn ló sì ń sọ oògùn tó yẹ.

Tí wọn ò bá tètè mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹ mọ Selena Gomez, olórin Amẹ́ríkà. Lupus ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan lọ́dún 2017.

Ní ti àǹtí mi, wọ́n ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Lára oògùn wọn ni hydroxychloroquine, tó jẹ́ àbúrò oògùn ibà tí àwọn ìyá wa àgbà ń lò. C3 wọn ti di 84. Àmọ́ asẹ́ tó ti kú kì í jí mọ́. Àwọn tó kù là ń ṣọ́.

Nítorí náà, tí ibà yín kò bá gbọ́ oògùn, tí oríkèé ń dùn yín, tí ojú yín ń wú láàárọ̀, tí ara sú yín lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́ labalábá, tàbí tí ìtọ̀ yín ń hó lójoojúmọ́, ẹ má fi pa mọ́. Ẹ sọ fún òbí yín tàbí nọ́ọ̀sì ilé ìwé, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Kò gba owó púpọ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀ o!